Ẹ Dán An Wò Kí Ẹ Tó Pariwo: Bí A Ṣe Ń Mọ Wúrà Odò Nínú Ilé Ìdáná

Okun o, ẹ̀yin ará wa nílé lóko.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, tí omi odò fà, àwọn ọmọkùnrin a bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn mi ní Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogi. Kẹ́mísìrì ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, títí di òní Màmá Kẹ́mísìrì ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n á tú ọ̀rá dúdú, wọ́n á ní, "Màámi, ẹ bá wa wò ó bóyá òun ni." Lọ́pọ̀ ìgbà, òun kọ́. Máíkà ni, òkúta tó ń dán tó sì ń ṣí ní ewé-ewé, tàbí òkúta onímí-ọjọ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní pyrite. Ẹni tó gbé e wá sì ti lè sọ fún ẹ̀gbọ́n, kí ẹ̀gbọ́n ti sọ fún ìyàwó, kí ẹnì kan sì ti yá owó ṣọ́bìrì.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Ohun tí ẹ nílò láti fi mọ wúrà yàtọ̀ sí ayédèrú rẹ̀ kò jìnnà sí yín: igbá, abẹ́rẹ́, àáké, ìkòkò amọ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n lò ní Coloma, ní California nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1848, nígbà tí wúrà díẹ̀ tí ẹnì kan rí nínú kòtò omi wá kó nǹkan bí 300,000 ènìyàn kúrò nílé wọn láàárín ọdún mélòó kan. Bí mo bá ṣe ń sọ tiwa, màá máa fi tiwọn lé e.

Ibi tí ẹ ó ti wá a

Ilẹ̀ wa ní wúrà, irọ́ kọ́. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti kọ̀wé nípa àpáta tó lọ láti apá Ẹ̀gbẹ̀ dé Ìsánlú, àwọn tó ń wa góòlù sì ti wọ odò wa tipẹ́. Inú òkúta funfun tó là àpáta kọjá ni wúrà ti ń wá. Oòrùn àti òjò á fọ́ àpáta náà, àgbàrá á gbá a wọ odò. Ohun tó fúyẹ́ á bá omi lọ, ohun tó wúwo á jókòó. Wúrà gidi wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19. Yanrìn lásán kò tó ìlọ́po 3. Gbogbo iṣẹ́ wíwá wúrà odò, orí ìyàtọ̀ yìí ló dá lé.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe ṣẹlẹ̀ ní Coloma. James Marshall, káfíńtà ọmọ New Jersey, ń kọ́ ilé ìlagi kan sí etí American River. John Sutter, tó ní ilé olódi kan níbi tí ìlú Sacramento wà lónìí, ló mówó wá. Marshall mú iṣẹ́ ọwọ́ wá. Omi ni yóò máa yí ẹ̀rọ náà. Àmọ́ kòtò tí omi yóò gbà jáde kò jìn tó, nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ẹ lọ́sàn-án, wọ́n á wá ṣí omi sí i lóru kó lè gbá ẹrùpẹ̀ tó ti tú lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ 24 oṣù kìíní, Marshall lọ wo bí iṣẹ́ ṣe rí, ó sì rí nǹkan tó ń kọ mànà lórí àpáta nísàlẹ̀ omi. Ẹni tó ń wá pákó ni, kò wá wúrà. Omi ti bá a fọ kòtò odindi bí ẹni fọ igbá.

Ní odò tiwa, ẹ má lọ sí àárín ibi tí omi ti ń sáré. Níbi tí odò bá ti yí, apá inú ni kí ẹ lọ, níbi tí omi ti ń falẹ̀ tí yanrìn ti ń kó jọ. Ẹ wo ẹ̀yìn àwọn òkúta ńlá, ní ìhà tí omi ń ṣàn lọ. Ẹ fi ṣíbí ha inú pàlàpálá àpáta tó wà nísàlẹ̀ odò, kí ẹ sì gbọn gbòǹgbò koríko etí odò sínú igbá. Ohun tí ojú yín yóò kọ́kọ́ máa wá kì í ṣe wúrà rárá, yanrìn dúdú ni. Òun náà wúwo, wọ́n sì jọ máa ń jókòó síbì kan ni. Ibi tí ẹ kò bá ti rí yanrìn dúdú, ẹ má fi gbogbo ọjọ́ yín ṣòfò níbẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe fọ̀ ọ́

Igbá dára, páànù náà dára. Àmọ́ ẹ má lo èyí tí ẹ fi ń dín àkàrà. Wúrà tó bá kúnná bí ìyẹ̀fun kì í fẹ́ rì bí òróró bá kàn án, ojú omi ni yóò léfòó sí, tí yóò sì bá omi lọ níṣojú yín. Ẹ fi ọṣẹ àti eérú fọ páànù náà títí omi yóò fi máa tẹ́ lára rẹ̀.

Ẹ bu yanrìn sí i dé ìdajì, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú omi tó dúró jẹ́ẹ́. Ẹ fi ọwọ́ po ó títí amọ̀ inú rẹ̀ yóò fi tú pátá, nítorí amọ̀ tó bá ṣù pọ̀ máa ń gbé wúrà sá lọ. Ẹ ṣa òkúta inú rẹ̀ dànù, ẹ ṣan ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó jù ú. Nígbà tí páànù ṣì wà nínú omi, ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì, kí ohun tó wúwo lè wá ọ̀nà lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ dẹ etí rẹ̀ kan sílẹ̀ díẹ̀, kí omi máa ru yanrìn òkè kúrò. Ẹ tún mì ín, ẹ tún dẹ ẹ́. Ibi tí ọ̀dọ́ ti máa ń kánjú nìyí. Bí yanrìn bá ti kù díẹ̀, ẹ dáwọ́ ìdàrí omi dúró. Ẹ fi omi ṣíbí mélòó kan sí i, ẹ máa yí páànù náà lọ́wọ́ jẹ́jẹ́. Yanrìn dúdú á na ara rẹ̀ gbọọrọ. Bí wúrà bá wà, òun ni yóò gbẹ́yìn, nítorí omi kò lágbára tó láti tì í.

Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ wá òòfà inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ gbé e kọjá lókè yanrìn náà. Èyí tó pọ̀ nínú yanrìn dúdú yóò fò mọ́ ọn. Bí ẹ bá tú ọ̀rá náà, yóò já bọ́. Òòfà kì í fa wúrà. Ohun tó bá ṣẹ́kù tó pọ́n, òun ni ẹ ó dán wò.

Ojú, abẹ́rẹ́, àti ẹ̀yìn táìlì

Ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò nínú oòrùn. Oòrùn ni olórí ọ̀tá ẹni tó ń wá wúrà, ohun gbogbo ló máa ń dán nínú rẹ̀. Ẹ fi ara yín ṣíji bò ó, kí ẹ máa yí ọpọ́n náà. Máíkà á tàn, bí ẹ bá yí i díẹ̀ á kú, á tún tàn. Wúrà kò ní yí padà: bó ṣe pọ́n nínú oòrùn ló ṣe pọ́n ní ibòji. Òkúta onímí-ọjọ́ máa ń ní igun, ara rẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pé wọ́n gé e. Wúrà odò ti yí lọ yí bọ̀ lórí òkúta, etí rẹ̀ ti kúnná.

Ẹ wá fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́. Wúrà rọ̀, abẹ́rẹ́ á wọlé tàbí kó sàmì sí i. Òkúta onímí-ọjọ́ le, abẹ́rẹ́ kò ní wọ inú rẹ̀, á yọ̀ kúrò. Máíkà á ṣí ní ewé-ewé.

Bí èyí tí ẹ rí bá tóbi tó, ẹ fi ha ẹ̀yìn táìlì, ìhà tí kò dán, èyí tí bíríkìlà ń lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì. Ilà tí wúrà bá fà yóò pọ́n bíi wúrà. Ti òkúta onímí-ọjọ́ yóò dúdú, yóò ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú. Ìdánwò yìí wù mí ju gbogbo yòókù lọ, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, àwọn ọmọ kì í sì í lè bá mi jiyàn lẹ́yìn rẹ̀.

Òòlù

Èyí ni Marshall kọ́kọ́ ṣe. Ó gbé èyí tó rí lé orí òkúta, ó fi òkúta mìíràn lù ú. Kò fọ́, ó kàn tẹ́.

Ẹ̀yìn àáké bàbá mi ni mo máa ń lò, mo máa ń gbé e lélẹ̀ sórí àpò kí ó má bàa yí. Ẹ má ṣe gbé ọlọ ata wá. Ìyá yín yóò bá yín jà, ó sì tọ́ sí i. Ẹ wá òòlù kékeré, ẹ má lù ú bí ẹni lu irin. Ẹ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ọdún tuntun: èyí tó mú wá kò ju orí abẹ́rẹ́ onírógódó lọ. Mo kàn án lẹ́ẹ̀kan, kò ṣe nǹkan kan. Mo tún kàn án, ó fẹ̀. Mo kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti tẹ́ mọ́ irin débi pé mo ní láti fi èékánná ká a kúrò, etí rẹ̀ kò sì sán níbì kankan. Ọmọ náà kò mí. Mo wá gbé èyí kejì tó mú wá, tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, tó sì ń dán jù ú lọ, sórí àáké kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kàn án tó di ìyẹ̀fun dúdú.

Ẹ rántí pé idẹ àti bàbà náà máa ń tẹ́. Ìpẹ́pẹ́ idẹ láti ara kọ́kọ́rọ́ tàbí àwo àtijọ́ lè wà nínú yanrìn odò tó gba inú ìlú kọjá. Nítorí náà, òòlù lásán kò tó.

Ìyá tó ń se ọṣẹ

Orúkọ Marshall ni gbogbo ayé ń pè. Èmi, Jennie Wimmer ló wù mí. Òun ló ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Coloma, òun ló ń fọ aṣọ wọn. Ó ti gbé ní Georgia rí, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà ṣáájú California, ó sì mọ ohun tó rí. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ń ṣiyèméjì, tí àwọn kan tilẹ̀ ń fi Marshall ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá yìí ń se ọṣẹ lọ́wọ́. Ó ju èyí tí Marshall rí sínú ìkòkò omi eérú, ó jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n da ọṣẹ náà, wọ́n rí i nísàlẹ̀ ìkòkò, ó mọ́, ó ń tàn, ohunkóhun kò ṣe é.

Ẹni tó bá ti wo àwọn ìyá wa nígbà tí wọ́n ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ omi tí mò ń sọ, èyí tí ń sẹ̀ láti inú eérú. Ẹ gbé e kaná nínú ìkòkò amọ̀. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù: omi eérú á jẹ ẹ́, á máa hó fúnra rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó bá sì jáde níbẹ̀ lè gbiná. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó hó fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì tutù mọ́jú. Wúrà kò ní pa àwọ̀ dà. Idẹ àti bàbà kì í jáde bí wọ́n ṣe wọlé, wọ́n sábà máa ń ṣókùnkùn. Ẹ má fi ọwọ́ kó o, ṣíbí ni kí ẹ lò. Omi yẹn ń bó awọ.

Àwọn kan máa ń jù ú sórí ẹyin iná. Òótọ́ ni pé òkúta onímí-ọjọ́ yóò rùn, yóò sì dúdú, tí wúrà kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta kan wà tó jọ ọ́ tí ásẹ́níìkì wà nínú rẹ̀, òórùn aáyù ló máa ń ní, májèlé sì ni èéfín rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní àáké àti táìlì, kí lẹ fẹ́ fi iná ṣe?

Ásíìdì ńkọ́? Nígbà tí Marshall gun ẹṣin dé ọ̀dọ̀ Sutter, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n mú ásíìdì náítíríìkì nínú àwọn ohun èlò oògùn Sutter, wọ́n dà á sí i. Ásíìdì náà kò ṣe é ní nǹkan kan. Ìdánwò tó dájú ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà ni, kì í ṣe iṣẹ́ ilé ìdáná. Bí ẹ bá rí ásíìdì lọ́jà, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ìwọ̀n nínú omi

Sutter àti Marshall ṣe ohun mìíràn lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gbé fàdákà sí apá kan òṣùwọ̀n, wọ́n gbé wúrà sí apá kejì títí tí méjèèjì fi dọ́gba. Wọ́n wá ri òṣùwọ̀n náà bọ omi. Apá wúrà ló lọ sílẹ̀, nítorí wúrà kò gba àyè nínú omi tó fàdákà.

Tiwa rọrùn ju ìyẹn lọ bí ẹ bá rí òṣùwọ̀n oníbátìrì kékeré yá, irú èyí tí àwọn tó ń ra wúrà ń lò. Ẹ wọn òkúta yín ní gbígbẹ, ẹ kọ iye náà sílẹ̀. Ẹ gbé ife omi lé òṣùwọ̀n, ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú so òkúta náà, ẹ rì í sínú omi pátápátá, kó má kan ìdí ife. Iye tí òṣùwọ̀n bá kọ, ẹ fi pín iye àkọ́kọ́. Bí òkúta bá jẹ́ giramu 10 ní gbígbẹ, tó sì kọ giramu 2 nínú omi, 5 lẹ rí: òkúta onímí-ọjọ́ nìyẹn. Idẹ máa ń wà ní nǹkan bí 8.5. Wúrà odò máa ń lé ní 15, nítorí fàdákà máa ń wà nínú rẹ̀. Wúrà tí kò ní àbùlà ni 19.3. Bí òkúta funfun bá ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, iye náà yóò lọ sílẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé kì í ṣe wúrà. Èyí tó kéré bí ọkà bàbà, ẹ má wulẹ̀ wọn ọ́ báyìí, òṣùwọ̀n kò ní rí i.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì pa ẹnu mọ́

Nígbà tó yá, Marshall fúnra rẹ̀ kò lè sọ ọjọ́ tó rí wúrà náà ní pàtó. Òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀, Henry Bigler, ló ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sínú ìwé kékeré kan. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí ọjọ́ 24. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ odò, ẹ kọ ìhà tí ẹ gbẹ́ àti bó ṣe jìn tó, ẹ kọ iye páànù tí ẹ fọ̀ kí ẹ tó rí i. Fóònù yín lè ya fọ́tò, kò lè rántí èyí.

Ní ti ẹnu, Sutter bẹ àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n lè parí ilé ìlagi. Kò pẹ́ tí ẹnì kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹrù fi mú wúrà lọ ra ọtí nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ilé olódi Sutter. Ọ̀kan nínú àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ni Sam Brannan. Ó kó ohun èlò ìwakùsà jọ sí ìsọ̀, lẹ́yìn náà, ní oṣù karùn-ún, ó gbé ìgò wúrà kiri ìgboro San Francisco, ó ń pariwo pé láti American River ni. Ẹni tó ta páànù ló là. Nígbà tí Polk, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, fìdí ìròyìn náà múlẹ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1848, ayé ti gbọ́. Àwọn èrò bo ilẹ̀ Sutter, wọ́n pa màlúù rẹ̀ jẹ. Àwọn Nisenan tó ni ilẹ̀ náà látayébáyé jìyà ju gbogbo wọn lọ. Àìsàn àti ìbọn ló pọ̀ jù nínú ohun tí wúrà mú wá bá wọn. Marshall kú láìní nǹkan lọ́dún 1885. Wọ́n wá mọ ère fún un lọ́dún 1890, tó ń na ìka sí ibi tó ti rí i.

Kí ẹ tó gbẹ́ ihò kejì

Kí ariwo tó sọ, Sutter ti bá àwọn Nisenan onílẹ̀ kọ ìwé àdéhùn lórí ilẹ̀ náà, ó sì fi ránṣẹ́ sí Mason, gómìnà California nígbà náà, ní Monterey. Mason kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Irú ọ̀rọ̀ yẹn wà níbí pẹ̀lú. Pé ilẹ̀ jẹ́ ti bàbá yín kò sọ pé wúrà inú rẹ̀ jẹ́ tiyín: òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ọdún 2007 fi í sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀.  Bí ẹ bá fẹ́ wa á, ẹ kóra jọ, ẹ forúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù awakùsà sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń fúnni ní ìwé ìwakùsà ní Àbújá. Ẹ sọ fún onílẹ̀ àti baálẹ̀ kí ẹ tó ṣe é, kì í ṣe lẹ́yìn tí ihò ti gbé ewúrẹ́ mì.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé mákúrì wá, irin olómi tó jẹ́ májèlé, pé kí ẹ fi kó wúrà kíkúnná jọ, ẹ lé e. Èyí tí wọ́n dà sódò ní California ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ṣì wà lára ẹja wọn lónìí. Ẹ má lọ òkúta nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo, ẹ má sì lọ̀ ọ́ láàárín ilé. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé ló wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín agbo ilé, àwọn ọmọdé tó lé ní 400 ló kú. Aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ síbẹ̀, ẹ bọ́ ọ síta kí ẹ tó gbé ọmọ.

Bí ó bá di pé ẹ ó gbé e lọ fún ẹni tó ń rà á, ẹ pín in sí méjì, ẹ fi ìdajì sílẹ̀. Òṣùwọ̀n tiyín ni kí ẹ ti fi wọ̀n ọ́ wá láti ilé, kí ẹ sì dúró tì í nígbà tó bá ń wọ̀n ọ́. Bó bá ní kí ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ kó o, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.